Kí A Tó Dá Òṣìṣẹ́ Ilé Ìdárayá Lẹ́jọ́ Nítorí Aṣọ Rẹ̀

Ẹ wá àyè jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù. Ìtàn ni, ìtàn aṣọ, ẹ̀bi tèmi sì wà nínú rẹ̀. N kò ní fi pamọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni, ìṣojú mi ló ṣe dàgbà. Kò pẹ́ tó débẹ̀ ló rí iṣẹ́ sí ilé ìdárayá àdúgbò kan, irú èyí tí káńsù ń dá sílẹ̀ fún ará ìlú: púlù ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, jíìmù wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, yàrá tí àwọn ìyá àgbà ti ń na ara náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé kan lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ múra. Pólò tó ní àmì ilé iṣẹ́ láyà. Ṣòkòtò dúdú. Kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi ilà dúdú sára ilẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn. Kò gbọdọ̀ sí yẹtí tó ń jò fìrìfìrì, kò gbọdọ̀ sí èékánná gígùn, kí irun wà ní dídì sẹ́yìn.

Ó pè mí lórí WhatsApp lóru ọjọ́ náà. "Dádì, ṣòkòtò ni wọ́n ní kí n máa wọ̀ o. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀yin ará, mi ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Mi ò béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ló máa ṣe níbẹ̀, mi ò béèrè pé ṣé wọ́n lè gba ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàn ní, "Ọmọ mi, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọlọ́run á pèsè òmíràn." Ó sì gbọ́ràn, torí pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi wá iṣẹ́ mìíràn kiri. Owó ilé ń lé e, owó ilé ìwé ń lé e, ìyá rẹ̀ ń ta ọjà ní ibí láti fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó máa fi owó ránṣẹ́ sílé.

Ìyá náà ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan. Kò bínú, kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn Òyìnbó yẹn fi ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́?"

Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà ju ìwàásù lọ. Mo ti dájọ́ lórí ohun tí mi ò mọ orísun rẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà nìyẹn, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kó síwájú yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Liverpool. Ní ọdún 1832, àrùn onígbáméjì wọ ìlú náà, ó ń pa àwọn tálákà tó fún mọ́ra wọn nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kitty Wilkinson, ọmọ ilẹ̀ Ireland ni, iṣẹ́ alágbàfọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe jẹun. Nínú gbogbo àdúgbò rẹ̀, òun ló ní ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se omi nínú ilé ìdáná. Ó ṣí ilé ìdáná náà sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, ó ní kí wọ́n máa gbé aṣọ àti aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn wá kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Nígbà yẹn àwọn dókítà pàápàá kò tíì mọ ohun tó ń fa àrùn náà. Obìnrin tí kò kàwé ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ̀ pé aṣọ ìdọ̀tí kò dára.

Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí ìlú Liverpool kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìfọṣọ ará ìlú sí òpópónà Frederick ní 1842. Ní 1846, wọ́n fi Kitty Wilkinson àti ọkọ rẹ̀ ṣe alábòójútó ibẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó fún àwọn ìlú láṣẹ láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún àwọn aráàlú. Òfin yẹn ní kí ìwẹ̀ olómi tútù tó rọjú jù má ṣe ju pẹ́nì 1 lọ, kí ti olómi gbígbóná má ṣe ju pẹ́nì 2 lọ, kí wọ́n sì fún ẹni náà ní táwẹ́ẹ̀lì tó mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kún un. Nígbà tó tún yá, wọ́n fi gbọ̀ngàn eré ìdárayá kún un. Ilé ìdárayá káńsù tí ẹ̀ ń rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ọmọ ọmọ ilé ìfọṣọ yẹn ni. Ní 2012 wọ́n gbé ère Kitty Wilkinson sínú gbọ̀ngàn St George's Hall ní Liverpool, láàárín ère àwọn ọkùnrin ńláńlá. Alágbàfọ̀ ni o!

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ ló wọ aṣọ ìdọ̀tí. Òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọ ní táwẹ́ẹ̀lì tó mọ́, tí ọwọ́ aṣọ tirẹ̀ wá ń rùn, ṣé wàá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ibẹ̀ ni ìlànà ìmúra ilé ìdárayá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ máníjà kan tó fẹ́ fi ìyà jẹ ọmọlẹ́yìn Kristi.

Ẹ̀ka kejì nínú ìtàn yìí, oníṣòwò aṣọ ló dá a sílẹ̀. George Williams ni orúkọ rẹ̀. Láti oko ló ti wá sí London, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà aṣọ kan lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀, inú ilé ìtajà náà ni wọ́n ń sùn, wákàtí iṣẹ́ wọn gùn, bí wọ́n bá sì jáde lálẹ́, ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó ló ń pè wọ́n. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ọdún 1844, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kóra jọ láti máa gbàdúrà àti láti máa ka Bíbélì. Bí ẹgbẹ́ YMCA ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dé Boston ní 1851. Ní 1853, Anthony Bowen, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, dá YMCA àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Washington. Láìpẹ́ wọ́n rí i pé ọ̀dọ́ kò lè máa gbàdúrà láti àárọ̀ di alẹ́, ara rẹ̀ náà ń fẹ́ nǹkan. Ni wọ́n bá ń kọ́ jíìmù àti púlù.

Ìhín ni inú mi ti dùn jù, nítorí èmi náà ní díplómà ẹ̀kọ́ ìsìn. James Naismith, ẹni tó dá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ YMCA ní Springfield ní oṣù Kejìlá 1891, ó ti ka ẹ̀kọ́ ìsìn ní Montreal. Ó kan apẹ̀rẹ̀ èso píìṣì mọ́ ọwọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú jíìmù, ó kọ òfin 13, ó ní kí àwọn ọmọkùnrin tó ń yọ ọ́ lẹ́nu máa ju bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ìyá àti bàbá wa ń rò pé ẹni Ọlọ́run kì í ṣeré, ẹni Ọlọ́run ló dá eré náà sílẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà, 1891, ni ọ̀gá Naismith, Luther Gulick, dá a lábàá pé kí àmì YMCA jẹ́ onígun mẹ́ta: ẹ̀mí, ọkàn, ara. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ YMCA lọ bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lójú ogun, láti máa fún wọn ní tíì, ìwé ìkọ̀wé sílé, ibi tí wọ́n lè jókòó ṣeré. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí wọ yunifọ́ọ̀mù tó jọ ti ológun, àmọ́ onígun mẹ́ta pupa ló wà lápá wọn. Ọmọ ogun tó ti rẹ̀, tó bá rí pupa yẹn, ó mọ̀ pé ibí yìí kò sí ìbọn, ibí yìí tíì wà.

Ìdí àkọ́kọ́ nìyẹn: kí wọ́n lè dá ọ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan kún un, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Michigan tó ń jẹ́ Lloyd Olds, rẹfirí ni. Láyé ìgbà náà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni rẹfirí ń wọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ kan tí aṣọ tiwọn náà jẹ́ funfun wá gbá bọ́ọ̀lù, ni agbábọ́ọ̀lù kan bá gbé bọ́ọ̀lù lé rẹfirí lọ́wọ́! Ó rò pé ọmọ ẹgbẹ́ òun ni. Olds ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun rán ṣẹ́ẹ̀tì onílà dúdú àti funfun. Bó ṣe di aṣọ rẹfirí nìyẹn láti nǹkan bí 1920. Wọ́n kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Lónìí, ọmọ kékeré rí ilà yẹn, ó mọ ẹni tó ń dájọ́.

Fèrè ọrùn rẹfirí náà ní ìtàn tirẹ̀. Joseph Hudson ní Birmingham ló ṣe èyí tí èso kékeré ń yí nínú rẹ̀ ní 1884. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé èso yẹn lè há, kí fèrè má dún. Rẹfirí ọmọ Kánádà kan, Ron Foxcroft, tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, ló gbé fèrè tí kò ní èso jáde ní 1987. Àwọn tó ń ṣọ́ púlù fẹ́ràn rẹ̀, nítorí omi kì í dí i lọ́wọ́. Nítorí náà bí ẹ bá rí fèrè lọ́rùn òṣìṣẹ́ púlù, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ púlù ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu o: ní ọ̀pọ̀ YMCA Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìhòòhò ni àwọn ọkùnrin ń lúwẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, òfin ni. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ ìwẹ̀ nígbà náà, fọ́nrán rẹ̀ ń dí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ìdọ̀tí sì ń bá a wọlé. Láti 1926 ni àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà ti ń dá a lábàá bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin, títí di nǹkan bí 1962. Ìgbà tí obìnrin àti ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni ó dópin. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ayé àtijọ́ ló mọ ìwà ọmọlúwàbí, pé ayé ìsinsìnyí ló bàjẹ́, ẹ fi sùúrù díẹ̀ kún un.

Ẹ̀ṣọ́ omi, àwọn tí wọ́n ń pè ní lifeguard, ní ọ̀pọ̀ púlù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ òkè wọn yẹ́lò, ṣòkòtò péńpé wọn pupa. Pupa àti yẹ́lò náà ni àsíá àwọn tó ń ṣọ́ etíkun Ọsirélíà. Àwọ̀ méjèèjì máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn, lórí omi àti láàárín èrò. Wọ́n ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ omi ní ìlànà kan: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ojú rẹ̀ ti yí gbogbo apá omi tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ká, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20 mìíràn kó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ewu. Ìṣẹ́jú-àáyá 20! Ẹ ka ogún níbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Kò sí àyè láti bọ́ bàtà onítìí, kò sí àyè láti ká síkẹ́ẹ̀tì sókè. Síkẹ́ẹ̀tì gígùn tó bá gbomi, ó máa ń wé mọ́ ẹsẹ̀ ni, á di ìdè. Ẹni tó bọ́ sómi láti gba ọmọ là á wá di ẹni tí wọ́n ń wá gbà là. Èékánná gígùn á ha ọmọ náà lójú. Ẹ̀gbà ọrùn, ọwọ́ ẹni tó ń rì lè mú un, kó fi fà yín méjèèjì sísàlẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ń so káàdì kọ́ ọrùn pàápàá, èyí tó dára máa ń já fúnra rẹ̀ bí ẹnì kan bá fà á, torí kó má baà fún ọrùn.

Bàtà ńkọ́? Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìgbábọ́ọ̀lù, pákó ni wọ́n sábà fi ń tẹ́ ẹ, owó gọbọi ni. Rọ́bà dúdú á fi ilà sí i, bàtà onítìí á sì dá ihò sí i. Òṣìṣẹ́ tó bá wọ bàtà àríyá wá síbẹ̀, ohun ìní ará àdúgbò ló ń bàjẹ́.

Pólò wá ńkọ́? Èyí rọrùn. René Lacoste, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń gbá tẹníìsì, ló wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ kúkúrú yẹn gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà ní 1926, torí ó rẹ̀ ẹ́ láti máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn. Ní 1933 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ó ní kọ́là, nítorí náà ó bójú mu. Ó ń gba afẹ́fẹ́, nítorí náà òógùn kò dà ọ́ láàmú. Kò gbówó lórí, a lè tẹ àmì sí i láyà. Kò sí àdììtú kankan nínú rẹ̀.

Ó ku ṣòkòtò, òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wá Deuteronomi orí 22 ẹsẹ 5 báyìí. Ẹ fi pamọ́ ná, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ ìtàn. Ní 1851, obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ New York, Amelia Bloomer, fi ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé ṣòkòtò fẹ̀ǹfẹ̀ lárugẹ, èyí tí wọ́n so ní ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n wọ ẹ̀wù lé lórí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun fúnra rẹ̀ pa á tì nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n nínú jíìmù àwọn obìnrin, aṣọ náà kò kú. Ní 1892, Senda Berenson, olùkọ́ eré ìdárayá ní Smith College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ní Massachusetts, kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù Naismith. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ìdíje wọn. Ṣòkòtò fẹ̀ǹfẹ̀ yẹn ni irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ nínú jíìmù, wọn kò sì jẹ́ kí ọkùnrin wọlé wá wò wọ́n.

Ṣé ẹ rí i bí? Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló wà nídìí ṣòkòtò inú jíìmù, kì í ṣe ìṣekúṣe. Ẹni tó bá ń fò sókè nínú síkẹ́ẹ̀tì, ohun tí kò fẹ́ kí ayé rí ni ayé máa rí. Bíbélì fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ẹ ka Eksodu 28 ẹsẹ 42 nígbà tí ẹ bá délé. Ọlọ́run tó pàṣẹ ẹ̀wù efodu àti fìlà fún Aaroni àti àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà ló ní kí wọ́n dá ṣòkòtò ọ̀gbọ̀ fún wọn, kí ìhòòhò wọn má baà hàn níbi iṣẹ́. Nínú Esekieli 44, ó ní kí wọ́n má wọ aṣọ tó ń múni làágùn, kí wọ́n sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde bá àwọn ènìyàn. Ìlànà ìmúra òṣìṣẹ́ nìyẹn, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìwé tí wọ́n fún ọmọ wa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ omi náà, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni kì í fẹ́ kí wọ́n wọ yẹ́lò wọn nígbà tí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbójú lé ẹni tí kò ṣọ́ omi.

Àmọ́ mi ò sọ pé gbogbo ohun tí ibi iṣẹ́ bá kọ sínú ìwé ni kí ọmọ Ọlọ́run gbé mì o. Ohun tó yé mi báyìí ni pé ìlànà ìmúra kan náà máa ń ní oríṣi ọ̀rọ̀ méjì nínú: èyí tó wà fún ẹ̀mí ènìyàn, àti èyí tó wà kí ilé iṣẹ́ lè dùn ún wò. Ilé ẹjọ́ pàápàá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dájọ́ àwọn Kristẹni méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan náà. Nadia Eweida ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ní kó má fi àgbélébùú kékeré ọrùn rẹ̀ hàn. Ó jàre, torí pé ọ̀rọ̀ ìrísí ilé iṣẹ́ lásán ni. Shirley Chaplin jẹ́ nọ́ọ̀sì, òun náà fẹ́ wọ àgbélébùú tirẹ̀. Òun jẹ̀bi, torí pé aláìsàn lè fà á, ó sì lè kan ojú egbò. Àgbélébùú kan náà, ìgbàgbọ́ kan náà, ìdájọ́ méjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́dún náà, mo fi bú àwọn adájọ́ lórí pẹpẹ. Mo ti kà á dáadáa wàyí.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ wá àyè fún ìgbàgbọ́ òṣìṣẹ́ bí kò bá ni ín lára jù. Ọmọbìnrin Pẹ́ńtíkọ́sì kan ní Grand Prairie ní Texas, ọmọ ọdún 17, gba iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní 2010. Ó ti sọ fún wọn pé síkẹ́ẹ̀tì lòun ń wọ̀, wọ́n ní kò burú. Ọjọ́ tó dé, wọ́n dá a padà sílé nítorí síkẹ́ẹ̀tì náà. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù, ní 2013 wọ́n gbà láti san $25,000. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún dá ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan láre, ẹni tí ilé ìtajà aṣọ kan kò gbà síṣẹ́ nítorí ìborùn rẹ̀. Adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlẹ̀kùn wà láti kàn. Ohun tí mi ò sọ fún ọmọ wa nìyẹn. Mo ní kó sá lọ nígbà tí mi ò tíì kan ìlẹ̀kùn.

Ẹ sì jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó kù. Àwa náà ní ìlànà ìmúra nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀ṣà wa kò gbọdọ̀ wọ sálúbàtà, táì gbọdọ̀ wà lọ́rùn. Mo ti dá arákùnrin kan padà sílé rí nítorí sálúbàtà, láìbéèrè. Ìgbẹ̀yìn ni mo gbọ́ pé egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀ṣà ló ń bínú sí káńsù Òyìnbó nítorí ṣòkòtò. Mo ti lọ bẹ arákùnrin náà.

Ọmọ wa wá rí iṣẹ́ mìíràn, ẹ ò ní gbà gbọ́, ilé ìdárayá àdúgbò náà ni, ní ìlú mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí nígbà tó pè, mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ kí o máa ṣe níbẹ̀?" Ó ní tábìlì àbáwọlé ni, ká máa gba owó, ká máa kọ orúkọ. Mo ní kó kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí máníjà, kó sọ ohun tó gbà gbọ́, kó béèrè bóyá síkẹ́ẹ̀tì dúdú gígùn lè dípò ṣòkòtò níbi tábìlì. Ọjọ́ kejì ni èsì dé: kò sí wàhálà, kó ṣáà wọ pólò àti bàtà tí wọ́n fọwọ́ sí.

Nígbà tó yá ó gba ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣọ́ omi, torí owó rẹ̀ sàn jù. Ó tún pè mí. A jọ sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan. Kò béèrè síkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, èmi náà ò ní kó béèrè rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó wọ lẹ́gínsì ìlúwẹ̀ẹ́ tó dé ọrùn ẹsẹ̀ sábẹ́ ṣòkòtò péńpé pupa náà, àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn sábẹ́ yẹ́lò. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìyá fi hàn mí. Alàgbà kan nínú ìjọ tó rí i kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà náà. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kó ka ogún, kó sì bọ́ sómi nínú agbádá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀: kí ni wọ́n ní kí ẹ máa wọ̀, ṣé ẹ ti béèrè ìdí rẹ̀ rí, kí sì ni wọ́n dá yín lóhùn? Ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ láti kọ irú lẹ́tà yẹn, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Èyí tí ọmọ wa kọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti gbà kí n máa fi han àwọn mìíràn.